Akọ Àgbọ̀nrín Òdìkejì Ọ̀sà

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju àmù omi ẹnu ọ̀nà wa lọ, igbó wà nítòsí Bàrígà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, "Bàrígà wo, Màmá?" Bàrígà yìí náà ni! Láti Ladi-Lak tí mò ń gbé báyìí, téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà ọ̀sà, àbàtà ló máa kọ́kọ́ bá. Lẹ́yìn àbàtà ni omi, téèyàn bá sì wa ọkọ̀ sọdá omi náà, igbó gidi ló wà lódìkejì, igbó tí ọ̀bọ ń fò nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá tó bí ìyá mi ni mo dàgbà sí. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe ní Fọlá Àgóró láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi í pé kí niṣẹ́ yín, ọdẹ ló máa sọ. Ó ní ìbọn ṣakabùlà kan tó máa ń nù ju bó ṣe ń nu ojú ara rẹ̀ lọ. Èmi náà ò sì jẹ́ kó gbádùn. Kí ló dé tí ẹ fi ń da òróró sí ìbọn? Kí ló dé tí ẹran kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín? Kí ló dé tí ẹ kì í fi ọṣẹ wẹ̀ tí ẹ bá ń lọ sígbó? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dáhùn dáadáa. Ó ní ẹran igbó ń fi imú ríran, ọdẹ tó bá mọṣẹ́ náà á sì máa fi imú wá a. Òun ló sọ mí ní Ìyá Kí-ló-dé, gbogbo àdúgbò sì ń bá a pè mí bẹ́ẹ̀ títí mo fi di ọmọge.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín. Bàbá ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ewé kan ò lè já kí ẹran yẹn má sá. Àmọ́ tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, akọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá abo kiri. Kò ní jẹun, kò ní sùn, á máa fi ìwo bó èèpo igi, á sì gbàgbé pé ọdẹ wà láyé.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ìfẹ́ ni," Bàbá ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá ẹ àgbà mọ̀ nípa ẹ̀ dáadáa, lọ bi í."

Ìyá àgbà pòṣé láti ìdí ààrò. "Ẹ má kọ́ ọmọ yìí ní ìranù o!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó wò. Inú ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni mo ti rí àgbọ̀nrín rí, ẹran yíyan dúdú kan báyìí. Mo fẹ́ rí i láàyè. Ó ń dà mí láàmú débi pé mo máa ń lá àlá rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú Bàbá ti ń lọ. Òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ èmi tí mò ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un mọ̀, torí òòlù ti ń gbá a ní àtàǹpàkò ju bó ṣe ń gbá ìṣó lọ. Àfi ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó rí nǹkan pupa rúsúrúsú tó ní tótòtó funfun lára létí àbàtà, ló bá yìnbọn. Ewúrẹ́ ni! Ewúrẹ́ ìyàwó onílé ẹ̀yìnkùlé wa, tí okùn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Yéè! Gbogbo Bàrígà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọdé á rí Bàbá lọ́nà, wọ́n á ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀".

Àwọn ọdẹ pé jọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ò sì jẹ̀bi, torí ewúrẹ́ lónìí lè di èèyàn lọ́la. Wọ́n ní kí ọyẹ́ tó dé, kí Bàbá mú akọ àgbọ̀nrín kan wá, kí àwọn rí ìwo rẹ̀. Abo ò ní ìwo, wọn kì í sì í pa á lásìkò yẹn torí oyún, nítorí náà ọdẹ tó bá dá akọ mọ̀ láàárín igbó, ojú rẹ̀ ṣì dára nìyẹn. Bí kò bá rí i mú wá, kó gbé ìbọn náà fún àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Ṣómólú, tóun náà jẹ́ ọdẹ. Bàbá ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì jẹun dáadáa lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí sẹ́yìn pákó ní ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá Kí-ló-dé, ojú ẹ dáa àbí kò dáa?"

"Ó dáa, sà."

"Mo ṣì ń rí òjìji ẹran. Ìwo ni mi ò rí. Wàá bá mi lọ."

Nígbà yẹn, obìnrin kì í tẹ̀lé ọdẹ lọ sígbó, ká má tiẹ̀ wá sọ ọmọbìnrin. Irọ́ ni Bàbá pa fún Ìyá àgbà, ó ní a fẹ́ lọ wo pákó ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ìdájí la jáde. Ọkọ̀ apẹja kan, ará Ìlàjẹ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá, la fi sọdá. Bàbá ń wakọ̀, ó ń kọ́ mi: bí mo bá rí abo, kí n fa ẹ̀wù òun lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá rí ìwo, kí n fà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí n má sọ̀rọ̀, kí n má sín, kí n má bèèrè kí ló dé.

A ba sáàárín gbòǹgbò igi àràbà kan. Ilẹ̀ ti mọ́, kùrukùru ṣì wà nílẹ̀. Ọwọ́ iwájú wa, igi kékeré kan wà tí ìwo ẹran ti bó èèpo rẹ̀, oje rẹ̀ ṣì tutù. Kò pẹ́, abo kan yọ. Mo fa ẹ̀wù Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Kò mira. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan dé, òórùn òbúkọ, ó le débi pé mo rò pé ẹ̀wù Bàbá ni. Ibẹ̀ ni mo wà tí akọ fi jáde.

Ha! Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ara rẹ̀ dúdú ju ti abo lọ, ìlà funfun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni fi ẹfun fà á. Ìwo méjèèjì lọ́ díẹ̀, wọ́n ń dán. Ó gbé imú sókè, ó ká ètè bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀lé abo náà, ó dúró, ó tún tẹ̀lé e. Kò wo ọ̀dọ̀ wa rárá. A ò sí láyé lójú tiẹ̀.

Bàbá fi ìgunpá tọ́ mi. Ìbọn ti wà léjìká rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo mọ ohun tó wà ńlẹ̀, mo rántí "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" tí wọ́n ń ké sí i, mo rántí oúnjẹ tí kò jẹ. Àmọ́ mo mọ̀ pé tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó parí nìyẹn, ẹran yíyan ló kù. Mo fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe tẹ̀ lé e. Kí n sáà wò ó díẹ̀ sí i.

Mo fà á lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá rọra sọ ìbọn kalẹ̀. Àwọn ẹran méjèèjì yí igi kékeré náà po lẹ́ẹ̀mejì, akọ fi ìwo ha èèpo rẹ̀, mo gbọ́ ọ gidi, wọ́n sì wọgbó lọ.

Bàbá wakọ̀ títí a fi dé àárín ọ̀sà. Ó wá ní, "Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọyẹ́ dé. Àbúrò rẹ̀ wá láti Ṣómólú. Bàbá fúnra rẹ̀ ló da òróró sí ìbọn náà, ó nù ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo sá sẹ́yìn àmù, mo sunkún títí imú mi fi dí. Láti ọjọ́ náà, tẹ́ ẹ bá bi Bàbá pé kí niṣẹ́ yín, á ní káfíńtà lòun. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí di òní. Kí n tó láyà láti jẹ́wọ́, ó ti kú.

Mo ti di abiyamọ kí n tó gbọ́ ìyókù. Àbúrò Bàbá yẹn wá kí mi, ó ti darúgbó, ọ̀rọ̀ ọdẹ ló sì kún ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Akọ àgbọ̀nrín ní ìparí òjò? Afọ́jú pàápàá á mọ̀ ọ́n! Ṣebí ó máa ń rùn bí òbúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi wá rèé, kò sí ẹni tó nímú tó o láàárín gbogbo wa."

Bàbá mọ̀. Ó mọ̀ pé akọ ni, ó mọ̀ pé mo purọ́, ó sì jẹ́ kó lọ. Kí ló dé? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bi ara mi.

Wọ́n ti da yanrìn bo àbàtà yẹn, ilé alájà méjì-mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Òdìkejì ọ̀sà, iná mànàmáná ni mo máa ń rí lálẹ́, ìyẹn nígbà tí mo ṣì ń ríran jìnnà. Ojú tèmi náà ti ń lọ báyìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ló ń bá mi ka ohun tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìbọn ò sí mọ́, igbó ò sí mọ́, ojú ọmọdé sáà ni àgbàlagbà ṣì fi ń ríran.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù dún. Ìyá ọmọ náà tó ń gbé ní Palmgrove ti pè mí láàárọ̀ pé òun máa kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọmọ náà lè rí i: òun ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ gbé fóònù súnmọ́ ojú. Ó wo ọmọ ológbò tó ń ṣeré lẹ́sẹ̀ mi, èyí tí kò tíì lajú dáadáa nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi.

"Grandma, Mummy ní kí n ṣì wà lọ́dọ̀ yín títí di Sunday."

Mo rẹ́rìn-ín nínú. Mo ti mọ̀ pé màá bá a bẹ ìyá rẹ̀.

"Ṣé o kà á dáadáa?"

"Mo kà á, Grandma."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."