Omi fún Ẹni Tó Ná Orúkọ

Omi tútù ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi máa ń bù fún ẹni tó bá ná ọjà wọn ní owó yẹpẹrẹ. Wọ́n á ní, "Mu omi, kí o máa lọ. Orúkọ ni mò ń tà, kì í ṣe búrẹ́dì àná."

Ààrò búrẹ́dì wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀ ti wó. Orúkọ ara ọ̀rá búrẹ́dì wọn, tí gbogbo Adó mọ̀, ló kù. Oníbúrẹ́dì kan ń ná an ṣáá, ó sì ń dín owó bí àìsàn wọn ṣe ń le sí i.

Níbi fídáù wọn, ọkùnrin náà gbé búrẹ́dì wá. Orúkọ tí wọn kò tà fún un ló wà lára ọ̀rá.

Mo bi í pé, "Ta ló tà á fún yín?"

"Ta ló kù tí ǹ bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó ní kí n bù sí i.