Àtẹ́lẹwọ́ Lójú Ìwé

Màmá Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé, ṣùgbọ́n ohùn wa kò dúró. Gbogbo wa ń mì síwá sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì, à ń ké ìtàn ewúrẹ́ tó sọnù títí a fi dé ìparí rẹ̀. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Wọn kò bínú. Ó kàn rẹ̀ wọ́n ni.

Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ ń pè wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí ìyá mi tó bí mi. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú wa, àwọn àlejò kan kó ìwé ìtàn aláwòrán wá sí ilé ìwé wa, wọ́n sì bẹ Màmá pé kí wọ́n máa kọ́ wa ní ìwé kíkà lẹ́yìn tí a bá jáde kíláàsì. Àdéhùn wà níbẹ̀: àwọn àlejò á padà wá díwọ̀n bí ìwé kíkà wa ṣe dàgbà tó. Bí ó bá dàgbà, àwọn ìwé náà di tiwa. Bí kò bá dàgbà, wọ́n á kó wọn lọ sí ilé ìwé mìíràn.

A kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Bí a ṣe ń kọ́ kéwú ni: àfáà kà, a gbà á lẹ́nu wọn, ó wọ orí. Mo lè ka gbogbo ìwé náà láìwò ó, mo sì gbà tọkàntọkàn pé mo ti mọ̀wé.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò dé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo kà á geere. Ọ̀gá wọn ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Màmá dìde.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ó há a sórí ni. Ẹ fún un ní èyí tí kò rí rí."

Wọ́n fún mi. Mo tẹjú mọ́ ìlà àkọ́kọ́ títí omi fi lé ròrò sí mi lójú. Wọ́n kó àwọn ìwé wa lọ.

"Ṣé Màmá ò lè dákẹ́ ni?" ni ìyá mi ń sọ nílé. Ó dun èmi náà wọra.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ń tú ẹja yíyan tí wọ́n rà ní Ọjà Olúwo. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n fi wé e sí mi lẹ́sẹ̀, tòun ti epo àti èéfín.

"Kà á."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi pè ẹ́ nìyẹn."

Bí a ṣe ń ṣa eegun ẹja la ṣe ń ṣa ọ̀rọ̀ náà, díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹja bá wọlé, ìwé mi wọlé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ń ka ìròyìn nípa afárá kan lọ ní tèmi, àfi bí Màmá ṣe na ọwọ́ bo ìwé náà. Ohùn mi dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí ojú mi kò rí ohun tí ẹnu mi fẹ́ sọ mọ́.

"Ó dúró," ni wọ́n wí. "Alihamudulilahi."

Màmá ti lọ báyìí. Olùkọ́ ni mí ní Ìkòròdú, a sì ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń díwọ̀n ìwé kíkà àwọn ọmọ. Mò ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ máàkì sílẹ̀ fún ọmọ kankan, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé rẹ̀, màá sì máa gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí ó dákẹ́.