Ẹgbàárùn-ún Halelúyà Ó Lé Méje

Ní gbogbo Enugu Road ní Kano, ẹnikẹ́ni kò rí ohun tí Bàbá Ọlọ́runṣẹ́gun Adédèjì pín tó ṣẹ́ kù rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń di ọṣẹ sínú páálí níléeṣẹ́ kan ní Bompai, méjìléláàádọ́rin nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjọ Àládùúrà wa fi í ṣe olùpín. Wọ́n ní ó pín ẹyin bíbọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ kíláàsì Sọ́ńdè, àwọn míì sì tún gbé tiwọn lọ sílé.

Àfi Ọjọ́rú tí ẹ̀mí gbé Wòlíì Olúgbémi.

"Kí òrùlé tuntun tó gòkè, ẹ ó ké Halelúyà ní ìgbà 10,007! Iye èèyàn tó bá wù kó ké e, kí ti ẹnì kan má ju ti ẹnìkejì lọ, kí ẹyọ kan má sì ṣẹ́ kù! Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ pín in dé Sọ́ńdè. Bí ẹ ò bá rí i pín, a ó gbé iṣẹ́ yẹn fún Brọ́dà Collins."

Collins! Ẹni tó ń fi ojú pín ìrẹsì, tó jẹ́ pé abọ́ tirẹ̀ nìkan ni ojú ọ̀hún máa ń rí dáadáa.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Méjìléláàádọ́rin ni wá nínú ìjọ, bíi páálí ọṣẹ gẹ́lẹ́. Ó fi pẹ́ńsùlù sí i, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Gbogbo wa á ké e nígbà mọ́kàndínlógóje, àfi ẹnì kan tí tirẹ̀ máa dín ọ̀kan.

"Nítorí Halelúyà ẹyọ kan?"

Ó yọ ọmọ ìjọ méjì kúrò, ó ṣẹ́ kù. Ó dá wọn padà, ó fi oníkẹ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún láti àdúgbò Noman's Land kún wa, ó dín mẹ́ta. Ó sáré bá Wòlíì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè lé mẹ́jọ? Tó bá lé mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba."

"Ẹ fẹ́ kí n lọ bá Ọlọ́run nájà?"

Ní Sátidé, ó gbé ìwé náà lọ bá Virtue, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ìṣirò. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kano ni; ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ kì í fi dáhùn. Ó tẹ fóònù rẹ̀ títí.

"Haba, Baba! This number no dey divide o. I don try am from two reach hundred. Once hundred no fit am, nothing wey dey front go fit am. Na only one, or the number himself."

"Ìyẹn ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo ké gbogbo rẹ̀, tàbí kí n wá ẹgbàárùn-ún èèyàn ó lé méje, kí wọ́n ké e lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Ehen."

Àyà Bàbá já débi pé àwọn ará ilé kejì rò pé táyà tírélà ló bẹ́.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, ìjọ kún fọ́fọ́. Collins ti rán sùtánà tuntun sílẹ̀ de iṣẹ́ olùpín.

"Mo ti pín in," ni Bàbá wí. "Ẹnì kan, ìgbà 10,007. Ẹyọ kan ò ṣẹ́ kù."

"Ta ni ẹnì kan yẹn?" ni Wòlíì béèrè.

"Ẹni tó rí i lójú ìran."

Ẹnu Wòlíì là débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí oúnjẹ àná. Ayọ̀ gba gbogbo ìjọ kan, wọ́n pariwo: "Halelúyà!"

"Ẹ má kà yẹn mọ́ ọn o!" ni Bàbá kígbe. Ó fa àga kan síwájú Wòlíì, ó jókòó, ó tẹ́ ìwé sórí itan.

"Ó yá, Wòlíì. Mo ti ń kà."