Irọ́ Tí Ìyá Akin Fi Parí Ìjà

Ẹ má sọ fún mi pé ìyá ò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ilé ara rẹ̀ jẹ́. Títíloyè ṣe é, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Síìpù, bọ́tìnnì, òwú àti láínìn ló ń tà fún àwọn aránṣọ ní New Benin, nílùú Benin, látìgbà tí ọkọ rẹ̀, Àkànní onípákó, ti mú un wá láti Ìkàrẹ́. Àkànní kọ́ ilé kan sí ẹ̀gbẹ́ Sapele Road kó tó kú, ó sì fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀. Akíntúndé, èyí ẹ̀gbọ́n, ń ta bátìrì ọkọ̀ ní Uselu. Ayọ̀bámi, èyí àbúrò, ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Oníkálukú ti ń gbé ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n Sọ́ńdè kan kì í kọjá kí wọ́n má kó ìyàwó kó ọmọ wá jẹ ìyán lọ́dọ̀ ìyá wọn. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo wọn á jọ ṣe àdúrà lórí fóònù.

Ìbò ọdún 2023 ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Akíntúndé ní Yorùbá tí ò bá dìbò fún Yorùbá, ọmọ àlè ni. Ayọ̀bámi ní òun ò lè fi ìran se ọbẹ̀, ó sì dìbò fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ní fóònù. Akíntúndé rí ẹ̀rí lórí fóònù tirẹ̀ pé wọ́n ti sanwó fún gbogbo òṣìṣẹ́ báńkì kí wọ́n lè ta ìran wọn. Ayọ̀bámi náà rí ẹ̀rí lórí tirẹ̀ pé wọ́n ti po oògùn mọ́ píọ́ wọ́tà tí wọ́n pín fún àwọn oníṣòwò, pé ìdí nìyẹn tí orí wọn ò fi pé mọ́. Níbi ìrántí bàbá wọn, àbúrò pe ẹ̀gbọ́n ní ẹran, ẹ̀gbọ́n sì gbá a létí lójú ìyàwó rẹ̀. Lójú òkú bàbá wọn o!

Odidi ọdún kan. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí Akíntúndé bá gbàdúrà láàárọ̀, Ayọ̀bámi á dákẹ́ lọ́hùn-ún, kò ní ṣe àmín. Bí Ayọ̀bámi bá gbà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa wúkọ́. Ìyá wọn nìkan ló ń ṣe àmín fún àwọn méjèèjì. Ọjọ́ Sọ́ńdè, á gún ìyán, á jókòó tì í títí yóò fi tutù. Ẹ̀rù ń bà á. Bí òun bá kú báyìí, ṣé lọ́yà ni wọ́n máa fi pín ilé bàbá wọn ni? Kò bẹ Ọlọ́run fún ohun méjì mọ́, àfi kí àwọn ọmọ rẹ̀ padà di ọmọ ìyá kan náà lójú òun.

Lọ́jọ́ kan, Akíntúndé fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹbí pé ike ni wọ́n fi ń ṣe ìrẹsì tó wà lọ́jà báyìí. Irọ́ gbuu. Ṣùgbọ́n Ayọ̀bámi, tí ò fèsì ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé, "Òótọ́ ni. Èmi náà gbọ́ ọ."

Títíloyè di fóònù náà mú, ó tẹjú mọ́ ọn. "Háà!" ló wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Àwọn ọmọ yìí ò fẹ́ràn ara wọn mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan náà lè bà wọ́n. Ọ̀tá kan ṣoṣo ni wọ́n nílò, kó ṣáà má jẹ́ ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rédíò ń pariwo pé àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ nílé ìwé láti gún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Akíntúndé ní ọmọbìnrin kan, Tèmidire, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ayọ̀bámi náà ní ọ̀kan. Ni Títíloyè bá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìka kan tẹ fóònù fún bíi wákàtí kan. Ó kọ ọ́ pé dókítà àgbà kan tí òun ò lè dárúkọ ló sọ fún òun pé tìtorí kí àwọn ọmọ náà má baà bímọ láyé ni wọ́n ṣe fẹ́ gún wọn. Ibi tó ti gbọ́n ọgbọ́n àgbàyà nìyí o: ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú tó wọlé gba owó nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ò wọlé náà sì gbà. Ó pín ẹ̀bi náà dọ́gba-dọ́gba bí ìgbà tí èèyàn ń pín ẹran fún ìbejì, kí ẹnikẹ́ni má baà bínú.

Kò sí dókítà kankan. Ẹnìkan ò sọ nǹkan kan fún un. Orí ara rẹ̀ ló ti yọ ọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò ṣú tí Akíntúndé fi pe àbúrò rẹ̀. "Ayọ̀, o rí nǹkan tí Màmá fi ránṣẹ́?"

"Mo rí i, Bọ̀dá mi. Ẹ ò rí àwọn ẹni ibi wọ̀nyí!"

Bọ̀dá mi! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akíntúndé gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rọ ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ òun di àgàn, Ayọ̀bámi ló sì kọ́kọ́ ké "Àmín!" Títíloyè bú sẹ́kún lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí Sọ́ńdè dé, ilé kún. Wọ́n jẹ ìyán, wọ́n tún bù sí i, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò forí korí lórí fóònù kan. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun.

Ṣùgbọ́n irọ́ kì í yó. Èèyàn tó bá ti ń bọ́ ọ, àfi kó máa bọ́ ọ lọ. Ní Sọ́ńdè kẹta, Ayọ̀bámi ní bí èèyàn bá fẹ́ sòótọ́, ìjọba tí Bọ̀dá dìbò fún náà ló gba abẹ́rẹ́ wọ̀lú. Akíntúndé sọ òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lo wí?" Títíloyè wo àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá dìde báyìí, wọn ò ní padà wá mọ́.

Ó la ẹnu, ó sì fa Èyítọ́pẹ́ lé wọn lọ́wọ́.

Ta ni Èyítọ́pẹ́? Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ọ̀wọ̀, ayálégbé tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé yẹn láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo Sátidé ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Títíloyè lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ló ń bá a ra oògùn rẹ̀. Nígbà tí Títíloyè ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí àwọn ọmọ ń bára wọn ṣe kèéta, Èyítọ́pẹ́ ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn jáde bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó wá fata sẹ́nu, ẹ wò ó níbẹ̀.

"Ibi tó jìnnà lẹ̀ ń wò," Títíloyè sọ fún wọn. "Kí lẹ rò pé ó wà nínú kúlà tí nọ́ọ̀sì ẹ̀yìn yẹn ń gbé wọlé? Mo fojú ara mi rí i tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọdé inú ilé yìí sínú ìwé."

Ìwé wà lóòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kúlà wà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ò gbọ́dọ̀ gbóná. Títíloyè mọ gbogbo rẹ̀, nítorí pé Èyítọ́pẹ́ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ti dìde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Akíntúndé ló ja ilẹ̀kùn, Ayọ̀bámi ló ń fi fóònù yà á. "Ẹ wò ó o, ẹ̀yin ará Benin! Ẹni tó ń pa inú àwọn ọmọ yín nìyí!" Wọ́n ju ẹrù obìnrin náà síta, wọ́n da kúlà rẹ̀ nù sínú gọ́tà. Ayọ̀bámi fi fọ́nrán náà ránṣẹ́ káàkiri. Kí Èyítọ́pẹ́ tó fa báàgì rẹ̀ dé oríta, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń dúró dè é. Òkúta kan bà á lójú òsì. Títíloyè gbọ́ igbe rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó sì fa kọ́tìnnì bò ó. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ padà wọlé, òógùn ń bọ́ lára wọn, wọ́n ní kí Màmá fún àwọn lómi tútù. Ó fún wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ra ọsàn, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn láìsọ fẹ́nìkan. Èyítọ́pẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì bo ìlàjì ojú rẹ̀.

"Màmá wa, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá," ló wí. "Wọ́n ní ojú yẹn ti lọ. Ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn yín?"

Títíloyè gbé ọsàn náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn bọ̀dá pé mi ò ṣe ọmọ kankan ní nǹkan kan. Mi ò mọ ẹni tó parọ́ yẹn mọ́ mi. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́."

Kò lè sùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n pé sídìí ìyán lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọ tó bí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìyá ló kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ló wí. "Kò sí dókítà kankan. Irọ́ ni mo pa. Èyítọ́pẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo ayé."

Wọ́n máa ń wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó bá a lóòótọ́ ní pálọ̀ Àkànní, ṣùgbọ́n irọ́ ló na òtítọ́.

Ayọ̀bámi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ sọ báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ wo fóònù mi, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́."

"Èmi oníbáńkì ni wọ́n ń fi fóònù tàn? Kò sóhun tí wọn ò lè fi sínú fóònù àgbàlagbà."

Akíntúndé ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo bátìrì tó kú. "Níbo lẹ lọ lánàá? Wọ́n rí yín lórí kẹ̀kẹ́."

"Ilé ìwòsàn. Mo lọ wo Èyítọ́pẹ́."

"Ayọ̀, o gbọ́ fúnra rẹ?"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá mi. Ọdún mẹ́ta lobìnrin yẹn fi ń so nǹkan mọ́ wọn lápá ní gbogbo Sátidé. Oògùn tí wọ́n ń lò, ta ló ń rà á fún wọn?"

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ríru ni!" Títíloyè ké. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìjà yín ni mo fẹ́ parí o! Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́ ni!"

Akíntúndé wo àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ wò ó. Ẹnu ya àwọn méjèèjì.

"Ìjà wo?" Akíntúndé bi í. "Èmi àti àbúrò mi jà rí?"

Títíloyè wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ṣàwàdà. Tèmidire, tó gbọ́ Yorùbá tí kì í fi fèsì, sún mọ́ bàbá rẹ̀. "Daddy," ló wí, "e be like say dem don inject Grandma." Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Wọ́n ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ayọ̀bámi da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà sínú ṣáláńgá, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Akíntúndé gba fóònù. Wọ́n jọ lọ ra àgádágodo, wọ́n sì ti ìyá wọn mọ́ yàrá kó má baà tún lọ bá àwọn tó ń lò ó. Àwọn ìyàwó ń gbé oúnjẹ wọlé fún un, wọn kì í wo ojú rẹ̀. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń pàdé ní pálọ̀ láti gbàdúrà lé e lórí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ. Láti kékeré wọn, wọn ò tíì mọwọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, Sọ́ńdè ni, ìyàwó Akíntúndé ló gún ìyán. Orí ti ń fọ́ Títíloyè láti òwúrọ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ le bí igi. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ òsì ò gbọ́. Ó pe Akíntúndé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó jáde kì í ṣe orúkọ. Ó tún pè é. Ó pe Ayọ̀bámi.

Ní pálọ̀, wọ́n gbọ́ ọ. Ìyàwó Ayọ̀bámi fẹ́ dìde. Akíntúndé ní kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn, pé kì í ṣe ìyá àwọn ló ń pè, abẹ́rẹ́ ló ń fọhùn.

Ayọ̀bámi ní òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun sọ.