Bàbá Mi Lẹ́yìn Iṣẹ́

Nígbà tí owó epo ṣì pọ̀ nílùú, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Òun ló máa ń bá àwọn ọ̀gá jà pé iye tí ọkùnrin ń gbà ni kí obìnrin náà máa gbà. Nígbà tí ọjà ò tà mọ́, wọ́n lé e. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tó fi jókòó sílé, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó ń wàásù l'Óṣòdì pé obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ló ba ayé jẹ́.

“Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀,” ló sọ fún màmá mi.

“Bàbá wọn, kí lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ?”

Màmá ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá mi ń bẹ nílé, síbẹ̀ àárò rẹ̀ ń sọ mí.