Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Gba Ẹsẹ̀ Dádì

Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń fá pákó, òórùn igi ayùnré tútù yẹn máa ń gbé mi padà sí àárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìdògún. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ àgbàlá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, àwọn adìẹ Màmá Onílé ń tú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kòkòrò, Bọ̀dá Sùlè káfíńtà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, téèpù lọ́wọ́, pẹ́ńsùlù létí. Ẹ̀rún pákó kún irun rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da gàrí sí lórí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o. Bẹ́ẹ̀dì wo la fẹ́ kàn?"

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò kan náà, ẹ ó rántí bí tìráńsífà ṣe máa ń ṣe àwọn ìyá wa tí wọ́n jẹ́ tíṣà. Ẹni tó sùn sí Ọ̀wọ̀ lónìí lè jí lọ́la kí wọ́n ní Ìdògún ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí màmá mi nìyẹn. Dádì kò lè bá wa lọ nítorí iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ní Ọ̀wọ̀, ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Màmá mi kó èmi àti Dàmọ́lá àbúrò mi, a lọ gba yàrá kan ṣoṣo ní ilé Màmá Onílé, opó kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. "Fún ìgbà díẹ̀ ni," ni màmá mi ń wí fún gbogbo ẹni tó bá kí wa káàbọ̀. Ó wí i fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó wí i fún ẹni tó ń ta kẹrosíìnì. Ó wí i títí Dàmọ́lá fi rò pé orúkọ àdúgbò wa ni.

Orí ẹní ni a kọ́kọ́ ń sùn. Dádì ní òun á háyà mọ́tò, òun á gbé bẹ́ẹ̀dì ulé wá fún wa. Ulé ni àwa ará Ọ̀wọ̀ ń pe ilé, ẹ jẹ́ kí n pè é bí a ṣe ń pè é. Bẹ́ẹ̀dì yẹn, igi ìrókò ni. Ó fẹ̀ débi pé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa ń wà lórí rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, tí ẹnikẹ́ni kì í fi ìgúnpá gún ẹnìkejì. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n màmá mi kọ̀. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ọjọ́ tí bẹ́ẹ̀dì yẹn bá kúrò ní ulé, a ti kó kúrò ní Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kó máa bá wa di ilẹ̀kùn mú."

Ìdí nìyẹn tí Bọ̀dá Sùlè fi wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní síìsì-bai-síìsì ni àwọn tíṣà máa ń kàn, pé ohun tó yẹ wọ́n nìyẹn. Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá gbé síìsì-bai-síìsì wọ inú yàrá yìí, Bọ̀dá Sùlè, ìta la ó ti máa wọ aṣọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo yàrá kí a tó kan bẹ́ẹ̀dì." Ó ní kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní kó má fi ìṣó kàn án pa, bóòtù ni kó fi dè é, kí ó lè ṣeé tú lọ́jọ́ tí a bá ń lọ.

Màmá Onílé ti gbọ́ láti ilé ìdáná. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀! Bẹ́ẹ̀dì tí ọkọ kò ní lè yíra padà lórí rẹ̀! Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ lé ọkọ yín ni?"

"Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tí bẹ́ẹ̀dì lè lé, mà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bẹ́ẹ̀dì ńlá ni mo fẹ́. Kí màmá mi lè fi hàn mí pé èyí tí òun ń sọ yóò gbà wá, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní kí n dùbúlẹ̀. Bọ̀dá Sùlè náà kúnlẹ̀, ó na téèpù láti àtàrí mi lọ sí gìgísẹ̀. Igbe tí a gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, adìẹ ló kọ́kọ́ sá.

"Sùlè! Ta ló kú nínú ilé mi?" Màmá Onílé ti dé tòun ti orógùn ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Pósí lo fi téèpù yẹn wọ̀n lánàá, ọmọ ọlọ́mọ lo tún wá nà án lé lórí! A kì í wọn ẹni tó dùbúlẹ̀! Dìde ńlẹ̀, ìwọ ọmọ yìí!"

Mo dìde kíá, ẹkún mi sì gbẹ. Bọ̀dá Sùlè ń tọrọ àforíjì. Màmá Onílé wá ṣàlàyé bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Ìró ni èèyàn á tẹ́ sílẹ̀, á dùbúlẹ̀ lé e, ibi tí gìgísẹ̀ bá dé ni wọ́n á ta ní kókó. Ìró náà ni káfíńtà yóò wọ̀n, kò ní wọn èèyàn. Màmá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lójoojúmọ́, wò ó, ó wo orógùn, ó wọlé lọ mú ìró. Àńkárá tuntun ni, aláwọ̀ ewé, kò tíì fojú kan omi rí, ó ṣì ń dún bíi bébà. Ó dùbúlẹ̀ lé e. Èmi ni mo ta kókó náà.

Èmi náà ni wọ́n sì rán pé kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Sùlè. Mi ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí òjò fi tún dé. Mo da ìró bo orí, mo sáré. Bí mo ṣe dé ibẹ̀, omi ń kán lára èmi àti ìró. Bọ̀dá Sùlè fún omi kúrò lára ìró náà, ó sá a sórí àwọn pákó rẹ̀, ó ní kí n kí Tíṣà.

Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì dé, ó ń dán, pọ́líṣì rẹ̀ ń ta sánsán. Màmá mi gorí rẹ̀ láti dán an wò. Àtàrí rẹ̀ kan pákó ìgbèrí, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta lódì kejì.

"Bọ̀dá Sùlè, kí lèyí?"

"Ìró yín ni mo tẹ̀ lé, Tíṣà. Láti etí aṣọ dé ojú kókó. Ó kúrú lójú mi, ṣùgbọ́n mo ní tíṣà ló wọ̀n ọ́n. Èmi kì í bá ìwé jiyàn."

Màmá Onílé fọwọ́ kan ìró tí Bọ̀dá Sùlè dá padà, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilé mú. "Aṣọ ti súnkì! Àńkárá tuntun! Mo ní kí ẹ fi ìró wọ̀n ọ́n, mi ò ní kí ẹ fi aṣọ tí ẹ kò tíì fọ̀ wọ̀n ọ́n!" Ẹ wò mí lónìí tí mo di télọ̀: kò sí oníbàárà tó lè kán mi lójú débi tí màá fi gé àńkárá tí n kò tíì rẹ sómi.

Bọ̀dá Sùlè ní òun á tún un kàn. Inú mi dùn, mo rò pé ńlá ló máa tún dé. Ṣùgbọ́n màmá mi fọwọ́ pa pákó náà, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ó tó. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè ni Dádì máa ń gun máṣíìnì rẹ̀ wá láti Ọ̀wọ̀, eruku á bò ó, búrẹ́dì á wà nínú báàgì rẹ̀. Lọ́jọ́ yòókù, àwa àti Mọ́mì la jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọn á tẹ́ ẹní fún èmi àti Dàmọ́lá lẹ́yìn kọ́tìnnì tí a fi pín yàrá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ti di ìyá ọmọ, mo ti mọ ìdí tí ẹní fi ń jáde ní Fúráìdeè. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni àárọ̀ Sátidé. Bí mo bá la ojú, mo máa rí ẹsẹ̀ Dádì méjèèjì tó yọ gbọọrọ síta kọ́tìnnì, ó gbé wọn lé àpótí tí màmá mi fi ń jókòó dáná. Dàmọ́lá á rọra rá lọ, á rìn ín ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ohùn á sì jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì: "Ẹ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ó ti ń lọ sí ulé ní tirẹ̀."

Ẹ̀rín la máa ń rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, tí máṣíìnì bá dún lọ, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń yí padà nínú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bẹ́ẹ̀dì náà ló ń lé Dádì lọ. Lójú èmi ọmọdé, ẹni tí ibùsùn kò gbà, kí ni yóò ṣe bí kò bá lọ? Ọdún yípo, tìráńsífà kò dé. Màmá Onílé ní kí màmá mi gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí a kúkú sọ Ìdògún di ilé. Màmá mi dáhùn pé, "Ẹni tó ń lọ kì í gbin ọ̀pẹ, mà." Màmá Onílé ní, "Ẹ̀gẹ́ ni mo sọ, mi ò sọ ọ̀pẹ!" Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an. Mo rò pé a kò ní jọ gbé pẹ̀lú Dádì mọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tí màmá mi ń dirun fún mi, mo sọ ọ́ síta. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ra bẹ́ẹ̀dì ńlá. Dádì kò ní lọ mọ́." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí mi. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló ń gbé e lọ, Fúnmi," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di irun náà lọ, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi sì bọ́ lójú mi. Mo rò pé irun nìkan ló ń dùn wá.

Tìráńsífà dé nígbà tí Dàmọ́lá ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Bọ̀dá Sùlè fúnra rẹ̀ ló mú sípánà wá tú àwọn bóòtù, ó di pákó jọ bí igi ìdáná, wọ́n so ó mọ́ orí mọ́tò. Màmá Onílé ń sunkún, ó sì ń bú wa pé a ò gbin ẹ̀gẹ́. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ ní Ọ̀wọ̀, mo jí lórí bẹ́ẹ̀dì ìrókò náà, mo rí i pé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fún ara wa pọ̀ sí apá kan. Ìyókù bẹ́ẹ̀dì ṣófo.

Lọ́dún yìí, onílé wa ní Ọ̀wọ̀ gba ilé rẹ̀. Ilé tí èmi àti ọkọ mi ń kọ́ kò sì tíì ní òrùlé. Bíríkìlà ni ọkọ mi, Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo mú Ìní ọmọ wa, mo gba yàrá kan sí Ìfọ́n nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì lọ bá káfíńtà. Ọkọ mi ti sọ lórí fóònù pé, "Ra èyí tó fẹ̀ o. Mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wà níta bíi ti bàbá ẹ." Èmi náà ti fẹ́ ra ńlá. Mo kàn ní kí n pe màmá mi kí a jọ rẹ́rìn-ín.

Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fúnmi, mo mọ̀ nígbà náà pé a lè pẹ́ ní Ìdògún. Wọ́n ti sọ fún mi kí a tó kúrò ní ulé. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ lọ ṣe kọ́ọ̀sì kan kí a tó bí Dàmọ́lá, mo dá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ńlá yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá yíra, àyè rẹ̀ ló ń kí mi. Èyí tí Sùlè kàn yẹn, ìwọ àti àbúrò rẹ ti kún un. Kò sí àyè ẹni tí kò sí nílé níbẹ̀."

Mo yí sí káfíńtà. Mo ní kékeré ni, bóòtù ni kó sì fi dè é. Ìní fi ẹkún bọnu, ńlá lòun fẹ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹnì kan tí mo mọ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé bẹ́ẹ̀dì tó bá fẹ̀ lè dá bàbá dúró. Ìyá tí mo dà lónìí ń wá èyí tí yóò jẹ́ kí òun rí oorun sùn títí bàbá yóò fi dé.

Àpótí kékeré kan wà ní ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà báyìí. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Ìní bi mí pé kí ni à ń fi í ṣe. Mo ní, "Ẹsẹ̀ Dádì rẹ ló ń dúró dè."