Kòtò Tí Àyà Rotia Ti Ń Balẹ̀

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ní erékùsù Nonouti, ilẹ̀ yanrìn tóóró láàárín agbami òkun, inú kòtò ni oúnjẹ ti ń wá. Kòtò tí àwọn baba ńlá fi ìkarahun gbẹ́ títí wọ́n fi kan omi dídùn lábẹ́ yanrìn, tí wọ́n wá gbin bwabwai sí i, kókò ńlá tí ewé rẹ̀ ń ṣíji bo àgbàlagbà. Rotia jogún ọ̀kan lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni àyà rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Níbòmíràn, àyà Rotia kì í balẹ̀. Láti ìgbà tí òkun ti wọlé bá wọn lórí ẹní, tó gbé ìkòkò, tó gbé adìẹ, tó padà lọ bí àlejò tí kò dágbére. Ó ti pẹ́. Òkun ti gbàgbé. Àyà kò gbàgbé. Ó lè máa ha àgbọn lọ́wọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí èémí máa há mọ́ ọn lọ́fun. Á fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Á yọjú wo etí òkun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Omi lásán.

"Rotia, òkun ò tíì wọ bàtà, ìwọ ti sá dé ẹ̀yìnkùlé." Kaiuea ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kì í tún àwọ̀n ṣe láìfi ẹnu ṣeré.

"Máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó bá wọ bàtà, ẹsẹ̀ tìrẹ ló máa kọ́kọ́ tẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin tí wọ́n gbé wá sí erékùsù náà sọ fún un pé kò ya wèrè, pé ohun tó ń ṣe é ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, pé kò sí oògùn rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ wá ibi tó tutù, tí nǹkan ti ń hù, kí ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ má bá àyà yín jà, Ìyá. Tó bá ń já, ẹ jẹ́ kó já tán."

Rotia dúpẹ́. Ó ti mọ ibẹ̀ kí wọ́n tó bí nọ́ọ̀sì.

Ìsàlẹ̀ kòtò. Kò sí atẹ́gùn. Ariwo òkun kò dé ibẹ̀. Oòrùn tó bá fẹ́ wọlé, inú ewé ló ń gbà, ó sì ń di àwọ̀ ewé kó tó balẹ̀. Rotia a kó ẹsẹ̀ sínú ẹrẹ̀, a máa fi ewé bọ́ bwabwai rẹ̀ bí ajílẹ̀: ewé tó gbẹ, ewé tí wọ́n gé, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Baba rẹ̀ ló kọ́ ọ. "Ẹnu mi sí etí rẹ," ni baba wí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àṣírí bíbọ́ tirẹ̀. Ẹnìkan kì í sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì ń kọjá lẹ́bàá kòtò oníkòtò, ńṣe ló ń yí ojú kúrò, bí ẹni tó ṣèèṣì bá èèyàn níbi tó ti ń wẹ̀.

Òjò wá kọ̀. Etí ewé kan pọ́n. Rotia ní ebi ni. Ó bọ́ ọ. Òmíràn pọ́n. Ó ní òùngbẹ ni, omi ti lọ sílẹ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ìsàlẹ̀ kòtò náà títí omi fi ru sókè dé ojúgun rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó sùn bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

Kò lè bi ẹnikẹ́ni. Bó bá béèrè, àṣírí baba rẹ̀ tú nìyẹn. Ó ń jókòó láàárín ewé náà ní ìrọ̀lẹ́, títí di ìrọ̀lẹ́ kan tí àyà rẹ̀ já níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú kòtò. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù ju ebi lọ. Ìrẹsì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ibòmíràn tí àyà rẹ̀ ti lè balẹ̀ kò sí.

Ó lọ bá Tabeta, ìyá ọkọ rẹ̀, tí bwabwai rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lábúlé. Ẹní ni ìyá náà ń hun.

"Ìyá, ẹ wá bá mi wo kòtò."

"Kòtò ta ni?"

"Ti baba mi."

"Kí èmi wọ kòtò baba ẹ? Ṣé orí ẹ pé?"

"Kò pé, Ìyá. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ìyá arúgbó fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ìka bọ omi, ó lá a. Ó tutọ́.

"Ta ló gbẹ́ ibí?"

"Èmi ni. Mo rò pé omi ti lọ sílẹ̀."

"Omi dídùn ò nípọn, ìyàwó mi. Orí tòkun ló léfòó sí, bí òróró lórí ọbẹ̀. O ti gbẹ́ ẹ kọjá, o ti kan omi iyọ̀." Ó nu ìka sára aṣọ. "Mo rí ewé yẹn láti ojú ọ̀nà nígbà tó kọ́kọ́ pọ́n. Mo yí ojú kúrò."

"Ẹ ò sì sọ."

"Ṣé o máa gbà kí n sọ?"

Rotia rò ó. Kò ní gbà. Òkun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣílẹ̀kùn fún un.

"Èmi ni mo pa á."

"Kì í ṣe ìwọ nìkan." Tabeta kò wò ó lójú. "Tèmi náà ti ń pọ́n. Èmi ò sì gbẹ́ tèmi. Òkun fúnra rẹ̀ ló ń gòkè."

Kòtò Tabeta. Bí ìyẹn bá lọ, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Àyà jíjá yẹn ti dé?" Tabeta béèrè.

"Ó ti dé."

"Jẹ́ kó ṣe ẹ́ tán. Mo jókòó." Ìyá náà jókòó sínú ẹrẹ̀ lóòótọ́. Àyà náà já, ó já, ó rẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lókè orí wọn, níbi tí ewé ti máa ń pàdé, ojú ọ̀run ló kù. Òkun ń dún.

Wọ́n hú bwabwai kan lọ sílé. Ó rọ̀, ó kún fún omi, òórùn rẹ̀ ò dáa. Síbẹ̀, wọ́n sè é. Kaiuea bù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Kò sọ̀rọ̀ òkun. Kò sọ̀rọ̀ bàtà.

Rotia na ọwọ́ sí àwo. Ó ń gbọ̀n lójú gbogbo wọn. Kò fi pamọ́.